Àmì Ìsàlẹ̀

Ìdì kan ni mo dì lóru, ní Ìjọ̀kà,
nígbà tí iná ọba ṣì ń lawọ́ sí wa:
ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹgbàá mẹ́jọ,
kí kọ̀ǹpútà onílínúsì lè mọ ìgbà tí a bá ṣì í kọ.
Ó ku orúkọ.

Ẹ má fojú kékeré wo orúkọ níbẹ̀.
Bí ẹ bá rí lib níwájú, ẹ ti mọ ilé tó ti wá,
bí a ṣe ń gbọ́ Akín lẹ́nu ọ̀nà l'Óǹdó
ká tó gbọ́ ìyókù.
Bí ẹ bá rí dev lẹ́yìn, Ìdòwú ni,
ìbejì ti kọ́kọ́ dé.
Nọ́ńbà tó kẹ́yìn, ọjọ́ orí ẹ̀ nìyẹn,
kì í sì í dín in kù bí òṣìṣẹ́ Alágbàká.

Mo kọ tèmi gàdàgbà: Ọ̀rọ̀-Àkúrẹ́.
Alábòójútó dá a padà. Kò bú mi.
Ó ní lẹ́tà kéékèèké nìkan,
kò sí àlàfo, kò sí àmì orí, kò sí àmì ìsàlẹ̀.
Mo bọ́ fìlà orúkọ náà, mo bọ́ bàtà ẹ̀,
oro-akure wá dúró ní ìhòòhò.

Ìtọ̀ jí bàbá mi. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi.
Fámurewá, akọ̀wé ìbí ní káńsù,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ.
"Oró Àkúrẹ́? Ta ló fi oró ránṣẹ́ sí wa?"
"Rárá, Bàbá."
"Àbí orò ni? Ìwọ obìnrin,
kí lo fẹ́ fi orò ṣe lóru?"
"Ọ̀rọ̀ ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ẹnu."
"Ẹnu ẹ̀ kọ́ ni wọ́n gé yìí?"

Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.
Táípúráítà káńsù kò ní àmì ìsàlẹ̀, wọ́n ní.
Bí wọ́n bá tẹ orúkọ tán, bírò ni wọ́n fi ń to àmì sí i
bí ẹni ń gbin àgbàdo.
Lọ́jọ́ kan, bírò gbẹ. Wọ́n ní ó dọ̀la.
Ọmọ tí wọ́n sọ ní Ọ̀ṣọ́ jáde nínú ìwé, ó di Oso.
Tíṣà kan ní Ìsìnkàn pè é ní oṣó lójú kíláàsì;
títí tó fi jáde ìwé mẹ́fà, kò sẹ́ni tó bá a jẹun.
"Mo pàdé ẹ̀ létí odò Àlà, ó ti hu irùngbọ̀n.
Ó kí mi.
Èmi ni mi ò lè dáhùn."

Mo fẹ́ sọ pé òfin náà nídìí,
pé orúkọ tí gbogbo ọwọ́ lè tẹ̀ ló ń dé ibi gbogbo.
Mo ní àmì á pé nínú àlàyé, ní ìlà kejì,
kò sẹ́ni tó máa gé ti ibẹ̀.
"Ta ní ń ka ìlà kejì?"

Wọ́n fa bírò yọ nínú àpò aṣọ ìsùn
(ta ní ń gbé bírò sùn?),
wọ́n fi ahọ́n kàn án,
wọ́n tẹ àmì méjì sábẹ́ oro
lójú kọ̀ǹpútà tí mi ò tíì san owó ẹ̀ tán.
"Ó dáa díẹ̀," wọ́n ní. Wọ́n lọ sùn.

Mo fi í ránṣẹ́ bí òfin ṣe fẹ́.
Ìlà ń gòkè, orúkọ ń kọjá,
àmì méjì náà ò kúrò lójú kan:
sed dé ibẹ̀, ó di ṣed,
openssh dé ibẹ̀, ó di ọpẹnssh,
bíi pé ó fẹ́ dúpẹ́, tí èémí ò tó o.

Ilẹ̀ ti mọ́. Àkísà wà lọ́wọ́ mi.
Mi ò tíì nù ún.